Ibi Tí Wáyà Ti Pàdé Ọ̀pá

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún lọ́kàn mi,

Ẹ rán mi níṣẹ́ kan kí ẹ tó kú, n kò jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ fi ìyẹn ṣíwájú, kí n má baà tún fi ìkíni àti ìròyìn bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ní Aké, ẹ ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé ọwọ́ yín tó ti rù lé mi lápá. Ẹ ní: "Sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé ìbínú mi ti tán. Èmi ni mo ṣàṣejù. Ilé ṣí sílẹ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀. Àpótí mítà mi, tirẹ̀ ni." Mo ní ó dáa, Bàbá. Ẹ ní kí n tún un sọ kí ẹ gbọ́, mo sì tún un sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ojú yín wálẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ sì sùn.

Iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Ẹ kú, a sin yín, ọdún ń gorí ọdún, irun orí mi funfun, ti àbúrò mi náà funfun, ó sì ń gbé ayé bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbé ìbínú wọ sàréè.

Mo ti wá àwíjàre lóríṣiríṣi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó yẹ kó wá wò yín kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé òun náà lágídí. Ó lágídí lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ yín ló ti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò níyì. Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni ẹ rán lọ sí yunifásítì, èmi ni mo ń ka ìwé nípa iná mànàmáná, síbẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni ẹ máa ń pè tí ẹ bá fẹ́ gun òrùlé lọ tún áńtẹ́nà ṣe. Tí rédíò bá ń hó, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ohùn èèyàn wà lábẹ́ ariwo náà, etí rẹ̀ ni ẹ máa ń yá, ẹ kì í yá tèmi. Nígbà tó wá lọ fẹ́ ọmọ àwọn olórìṣà láti abúlé kan lọ́nà Ọdẹdá, tí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alàgbà ìjọ sì ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà yín mọ́, inú mi dùn, Bàbá. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo bá yín kẹ́dùn, mo bá màmá mi sunkún, inú mi sì ń dùn nísàlẹ̀ pé ó ku èmi nìkan.

Ó wá síbi ìsìnkú yín. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ kò wọlé. Abẹ́ igi níta ló dúró sí títí ìsìn fi parí. Nígbà tí a ti ibi sàréè dé, ó fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, ó bi mí bóyá ẹ sọ ohunkóhun nípa òun. Mo ní rárá. Ó wá bi mí nípa àpótí mítà onígi tí ẹ fi máa ń wọn áńtẹ́nà, pé òun kàn fẹ́ fojú rí i ni. Mo ní n kò rí i nínú ẹrù yín. Ó ní ó dáa, bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Àpótí náà wà nínú báàgì mi, mo ti fi aṣọ wé e.

Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Tèmi yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ rán mi ti kú, n kò bẹ̀rù yín mọ́. Ẹni tí n ó jẹ́ ẹ fún ni mo ń bẹ̀rù. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ní n ó sọ ọ́ tí ara bá tù ú. Ní ọdún kejì, mo ní báwo ni n ó ṣe wá ṣàlàyé ọdún kan tó kọjá. Bí ọdún ṣe ń pọ̀ sí i ni àlàyé náà ń wúwo sí i.

Ilé yín dúró dáadáa. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò, mo kó padà wá sí Aké, mo tún páànù òrùlé ṣe, mo sì kun ara ògiri. Ọ̀kadà ni kì í jẹ́ ká sinmi lójú ọ̀nà. Ìbá ṣòro fún yín láti gbọ́ rédíò ọ̀nà jíjìn níbẹ̀ báyìí, nítorí iná oríṣiríṣi ló ń hó nínú afẹ́fẹ́. Mo ṣì máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi fìlà nu dígí ojú yín kí ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, àti bí ẹ ṣe máa ń jẹ orógbó tí ẹ bá ń ṣírò, tí ẹ óò dáwọ́ jíjẹ dúró tí ìdáhùn bá ti fẹ́ dé. Iṣẹ́ wáyà, fífi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí ẹ kọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá kò kúrò lára yín títí ẹ fi lọ. Ìka yín ṣì ń tẹ orí tábìlì, tó-tó-tó, tí ẹ bá ń gbàdúrà. Kí ni ẹ máa ń kọ ránṣẹ́ nígbà yẹn?

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ ti kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nígbà tó tó àkókò, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, ó sì ku òun nìkan nínú ilé tí àwọn méjèèjì kọ́ sí Ọdẹdá. Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣe. Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa fi rédíò bá àwọn olùfẹ́ rédíò ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Arúgbó obìnrin. Ó ra rédíò kékeré kan, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà tó wà lórí rẹ̀ kò lè gbé ohùn rẹ̀ kọjá Abẹ́òkúta. Ìbàdàn ló ń fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń péjọ sórí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ó pè mí lórí fóònù nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe áńtẹ́nà tó ń dojú kọ ibì kan ṣoṣo, tó ní ọ̀pá mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun ṣe é. Mo bi í pé fóònù tó fi ń pè mí yìí ńkọ́, ṣé kò dé Ìbàdàn ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ti fóònù, ẹlòmíràn ló ń bá mi ru ohùn mi lọ. Èyí, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gbé e débẹ̀."

Ẹ̀yin ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọdẹdá nìyẹn. Inú ọkọ̀ àtijọ́ mi ni mo máa ń wà, màá rọra máa wà á lọ. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, a tú áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ palẹ̀, a yọ àwọn ọ̀pá rẹ̀ tó fúyẹ́, a fi ayùn gé wọn bí ìṣirò ṣe wí: èyí tó gùn jù ní ẹ̀yìn, èyí tí wáyà máa wọ̀ ní àárín, èyí tó kúrú jù ní iwájú. Ọparun gbígbẹ la tò wọ́n sí. Jímọ̀, bíríkìlà tó ń gbé ilé kejì, ló bá wa gbé òpó dúró. Ó bi Àbẹ̀kẹ́ bóyá èyí ló máa mú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè. Àbẹ̀kẹ́ ní kò ní mú bọ́ọ̀lù, ohùn òun ló máa gbá jáde. Jímọ̀ ní tó bá jẹ́ ohùn Màmá ni, kò nílò irin, gbogbo Ọdẹdá ló ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí èmi àti àbúrò mi ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó kalẹ̀. Kébù tó ń gbé agbára láti inú rédíò lọ sókè ní ìwọ̀n ìdènà tirẹ̀, àádọ́ta óòmù. Ohun tó bá wà lókè níbi tó parí sí gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí agbára náà lè wọlé pátápátá. Bí wọn kò bá dọ́gba, apá kan á ṣẹ́rí padà. Ọ̀pá àárín yẹn, tó bá dá wà láìsí alábàáṣe, ìdènà rẹ̀ a máa ju ti kébù lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti iwájú sún mọ́ ọn kó lè dojú kọ ibì kan, ìdènà rẹ̀ á já wálẹ̀, kò ní tó ìdajì ohun tí kébù ń fẹ́ mọ́. Ohun tó fún un ní ibi tó dojú kọ ló gba ìbáramu lọ́wọ́ rẹ̀. Àyàfi kí a tún un ṣe níbi tí wáyà ti pàdé ọ̀pá gan-an.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti fi kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti tún un ṣe lókè, a ní láti sọ òpó kalẹ̀, ká tún gbé e dìde, ká sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúnkún mi ń ro mí. Kí ni mo wá ṣe? Mo gbé àpótí ìṣètò kan láti ilé, mo fi í sáàárín rédíò àti kébù nínú pálọ̀, mo yí kókó rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún títí abẹ́rẹ́ mítà tó wà lórí tábìlì fi dúró síbi tó dára. Mo ní ó ti parí. Àbẹ̀kẹ́ wo mítà, ó wo òkè, ó tún wo mítà. Ó ní ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tan rédíò jẹ. Mo jẹ́ kí ara tu ẹni tó wà nínú pálọ̀, wàhálà sì wà lókè níbi tó wà. Kébù náà gùn, àlòkù ni, ó ti gbó. Bí agbára ṣe ń ṣẹ́rí láti òkè ni kébù ń jẹ ẹ́ mọ́ ọ̀nà. Èyí tó kù láti dé Ìbàdàn kò tó nǹkan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù láti béèrè bí ó ṣe ń lọ. Ó máa ń ní ó ń lọ dáadáa, wọ́n ń gbọ́ òun. Ó ní wọ́n ń kí mi. Orí mi wú. Mo sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ṣe áńtẹ́nà fún àbúrò mi tó ń bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

Àjàyí ló tú àṣírí. Àwa méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun náà sì wà lára àwọn tó ń péjọ sórí afẹ́fẹ́. Ó pè mí kí n fún òun ní orúkọ dókítà eyín kan, a wá sọ̀rọ̀ kan Àbẹ̀kẹ́. Ó ní ó ń ṣe òun láàánú. Ó ní tí àbúrò mi bá wá sórí afẹ́fẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń mí lẹ́yìn ògiri. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, wọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

"Òun ló bẹ̀ wá," Àjàyí ní. "Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe é, òun ò lè jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ò mọ iṣẹ́."

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é nílẹ̀ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Àbúrò kì í dójú ti ẹ̀gbọ́n lójú ayé. Tí ẹ̀gbọ́n bá fi ọ̀bẹ tí kò mú bẹ́ran, àbúrò á ní ẹran náà ló le. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, Àbẹ̀kẹ́ ń jókòó ti rédíò, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ohun tí kò lọ síbì kankan, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó lórí àga yín. Ẹni tí mo pa irọ́ fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì ló ń pa irọ́ kó lè bo àṣírí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí mítà yín sínú búùtù ọkọ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, kí n má purọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ń lọ sí Ọdẹdá ni mo ń gbé e lọ, gbogbo ìgbà ni mo sì ń gbé e bọ̀ wálé.

Àbẹ̀kẹ́ ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ sóòrùn nígbà tí mo dé. Mo sọ fún un pé Àjàyí pè mí. Kò gbójú sókè. Ó ní Àjàyí kò lè dákẹ́, bí gbogbo ará Ìbàdàn ṣe rí nìyẹn. Mo ní ká sọ òpó kalẹ̀. Ó ní orúnkún yín ńkọ́. Mo ní orúnkún mi kọ́ ni yóò máa bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

Jímọ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. A kò lè tún áńtẹ́nà ṣe bó bá sùn sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ á dà á láàmú. Àbẹ̀kẹ́ ló rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. A fi ìdí ọparun sínú garawa iyanrìn, ọ̀pá ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀, ti iwájú wà lókè, gbogbo rẹ̀ dojú kọ sánmọ̀. Jímọ̀ dì í mú, ó wò wá títí.

"Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ pè ni?"

"Tó bá gbé e," Àbẹ̀kẹ́ ní, "màá ní ìwọ lo ní kí n kí i."

Mo gbé mítà orí tábìlì wá. Kò wúlò. Ẹnu rẹ̀ kò lè kan ọ̀pá láìsí kébù láàárín, kébù gbígbó yẹn sì ni ẹlẹ́rìí èké. Bó ṣe ń jẹ agbára tó ń ṣẹ́rí, mítà nísàlẹ̀ á máa rò pé nǹkan kò burú. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ ti garawa, ó ń wo ibi tí wáyà ti pàdé ọ̀pá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì wo ojú mi, pé àpótí Bàbá ni ìbá ṣe èyí, nítorí wáyà kúkurú méjì tó ní eyín ló wà lára rẹ̀, wọ́n á gbá ọ̀pá mú níbẹ̀ gan-an. Ó ní ó mà ṣe o, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí.

Mo rìn lọ síbi ọkọ̀. Mo ṣí búùtù, mo gbé e wá, mo gbé e kalẹ̀ sórí ẹní ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n kí n tó tú aṣọ tó wà lára rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tí iná irin jíjó yín ti jó igi rẹ̀ nígbà kan. Jímọ̀ wo ojú mi, ó wo tirẹ̀, ó sì ranjú mọ́ sánmọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ òjò.

"Ẹ ní ẹ ò rí i."

"Mo rí i. Ọwọ́ mi ló wà láti ọjọ́ yẹn."

Mo rò pé yóò bínú. Ìbínú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó jókòó sórí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó wo àpótí náà, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ojú mi mà wọ nǹkan Bàbá o. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun ni mo bi níjọ́ náà, òun náà ìbá gbé e pamọ́. Ó ní kí n má dà á rò, mi ò ṣáà tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ó sọ fún Jímọ̀ pé kó rọra di igi mú, kó má jẹ́ kó mì.

Ó dárí jì mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò mọ ohun tó kù. Ó rò pé àpótí ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́, Bàbá. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ó fi kẹrosíìnì díẹ̀ nu ìpẹtà kúrò lára eyín wáyà méjèèjì. A so rédíò mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ ní agbára tó kéré jù. Abẹ́rẹ́ fò sókè, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ti kọ́ wa pé nínú àpótí yìí, sísọ̀ là ń wá; tí ohun tó wà lókè bá bá ti kébù dọ́gba, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀ pátápátá. Mo ní ká gé orí ọ̀pá àárín kó kúrú díẹ̀. Mo ti mú ayùn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Wáyà tó gùn ṣeé gé," ó ní.

"Èyí tó kúrú kò ṣeé fà," mo ní.

Ọ̀rọ̀ yín. A kò tíì jọ sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bíńtín la gé lápá ọ̀tún, bíńtín lápá òsì. Abẹ́rẹ́ sọ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo wá tẹ wáyà bàbà kan po bí ìkótí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí àwọn obìnrin fi ń há irun, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ibi méjì tí kébù ti máa wọlé. Èyí ni èmi mọ̀ ọ́n ṣe, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbàgbé gbogbo nǹkan: ọ̀pá tí a gé kúrú ń fà sí apá kan, ìkótí náà ń fà sí apá kejì, ìdènà tó ti já wálẹ̀ á sì gòkè padà wá bá ti kébù. Àbẹ̀kẹ́ ń fi irin tín-ín-rín kan rọra sún lórí ìkótí náà, síwájú, sẹ́yìn. Èmi ń ka abẹ́rẹ́ fún un. Ó ń sọ̀. Ó tún gòkè. Ó sún un padà ní ìwọ̀n èékánná kan. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀, ó sì sùn.

Jímọ̀ bi wá bóyá ó ti bàjẹ́ ni.

A fi iná irin jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a fi ìda dí i nítorí òjò, a pààrọ̀ kébù gbígbó náà pẹ̀lú tuntun tí mo rà wá, a sì gbé òpó dìde. Mo yọ àpótí ìṣètò mi kúrò nínú pálọ̀, mo tì í sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí àkókò tó, Àbẹ̀kẹ́ jókòó, ó sọ orúkọ ibi tó wà àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ohùn Àjàyí jáde kedere. Ó ní Ọdẹdá, ta ló bá yín rí ohùn yín, ó dà bíi pé inú yàrá kejì lẹ wà. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dá wọn lóhùn bí ọmọge. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ló tún un ṣe. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà náà ni n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní:

"Àbẹ̀kẹ́, pa rédíò yẹn. Bàbá rán mi níṣẹ́ sí ọ kí wọ́n tó kú."

Ó yíjú sí mi. Ó rọra pa á. Mo dìde dúró, nítorí iṣẹ́ yín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó jẹ́. Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Pé ìbínú yín ti tán. Pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣejù. Pé ilé ṣí sílẹ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀. Pé àpótí náà, tirẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n sórí nígbà tó ń bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, pé kì í ṣe ìgbàgbé, ìlara ni.

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìda àti kẹrosíìnì ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Òun àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ mi ìbá ti gbọ́ ọ."

Ṣé ẹ̀yin ní èsì fún un? Ọkùnrin tó dúró sábẹ́ igi títí ìsìn fi parí, ó kú láìmọ̀ pé ẹ ti pè é wọlé. Èyí kò ṣeé tún ṣe. N kò bẹ Àbẹ̀kẹ́ pé kó dárí jì mí, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. A jókòó. Oòrùn kúrò lórí ẹ̀gẹ́ tó tẹ́ síta, kò sẹ́ni tó dìde lọ kó o. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní ọjọ́ tí ẹ lé òun, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ fi pe òun, Dèbórà, bí ẹni tó ń ka orúkọ àlejò láti inú ìwé. Ó ní orúkọ yẹn ló gbẹ̀yìn létí òun láti ẹnu yín.

Ó wá gbójú sókè sí mi.

"Nígbà tí wọ́n rán yín, kí ni wọ́n pè mí?"

"Àbẹ̀kẹ́," mo ní. "Sọ fún Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin, tó jẹ́ iṣẹ́ yín nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.